Ẹnjiníà Ajah, Ẹ Gbé Fọ́máàtì Yẹn Sílẹ̀ Ná

Ẹnjiníà mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú oòrùn, ẹ kú ariwo jẹnẹrétọ̀, ẹ kú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Addo Road tó ń da èéfín sí yín lára láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ńkọ́? Èyí tó máa ń sọ fún mi pé "Ọ̀gá ti ń bọ̀, wọ́n ti dé Jakande" ńkọ́? Ṣé ara rẹ̀ le? Tí a bá ka ọjọ́ orí, mo lè bí yín lọ́mọ, ṣùgbọ́n "ẹ" ni mo ń pè yín, mi ò sì ní yí i padà, torí ẹni tí kọ̀ǹpútà ẹni bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀gbọ́n ẹni ni. Ẹ má bínú pé ìta gbangba ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Mo pè yín lórí fóònù títí, ẹ ò gbé e. Bóyá tí Ajah, Sangotedo àti Badore bá ń bá yín ka lẹ́tà yìí pọ̀, ẹ ó dáhùn.

Ẹjọ́ mi kò ju ẹyọ kan lọ, ó kàn bímọ púpọ̀ ni. Ọwọ́ yín dára, mi ò jiyàn. Ẹnu yín ló máa ń ṣáájú ojú yín. Ẹ ti máa ń dárúkọ àìsàn kí ẹ tó wo aláìsàn.

Fọ́máàtì. Kọ̀ǹpútà kò gbé ohùn jáde mọ́: fọ́máàtì. Wi-Fi kò wọlé: fọ́máàtì. Ó ń gbóná: fọ́máàtì. Aládùúgbò mi kan gbé tirẹ̀ wá nítorí pé irin tó so síkírìnì mọ́ ìdí rẹ̀ ti kán. Ẹ yí i síwá sẹ́yìn, ẹ mí kanlẹ̀, ẹ ní, "Ó máa gba fọ́máàtì o." Àdáhunṣe tó ní ìgò àgbo kan ṣoṣo, tó ń bu ú fún aboyún, tó ń bu ú fún ẹlẹ́sẹ̀ dídùn, tó tún ń bu ú fún ẹni tí ọkọ kọ̀ sílẹ̀, kò jù yín lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí fọ́máàtì ń ṣe. Kì í ṣe ẹ̀yin ni mò ń ṣàlàyé fún, ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ, àbí? Àwọn tó ń kà á láti ẹ̀yìn yín ni. Inú láptọ́ọ̀pù kún fún ẹ̀yà kéékèèké: èyí tó ń gbé ohùn, èyí tó ń gba Wi-Fi, èyí tó ń gbé àwòrán sójú síkírìnì, èyí tó ń mọ̀ pé ìka ti kan pátákó ìtẹ̀ka. Dráífà ni ètò kékeré tí Windows fi ń pàṣẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ilé iṣẹ́ tó ṣe kọ̀ǹpútà ti kó gbogbo dráífà wọ̀nyẹn sínú rẹ̀ kó tó kúrò lọ́dọ̀ wọn. Tí ẹ bá wá nu háádì dísíkì nù, tí ẹ da Windows tó wà lórí fíláṣì yín sí i, dráífà bá fáìlì lọ. Lóòótọ́, Windows lè wá díẹ̀ lára wọn fúnra rẹ̀ bó bá rí íntánẹ́ẹ̀tì, àmọ́ tí ẹ̀rọ bá ti pẹ́, ohun tó máa rí kì í pé. Ohùn nìkan ló sọnù nínú kọ̀ǹpútà tí mo gbé wá. Nígbà tí mo gbé e délé, kámẹ́rà ti bá ohùn lọ, Wi-Fi sì ti bá kámẹ́rà lọ. Mo padà wá, ẹ sì sọ ọ́ pẹ̀lú ojú ẹni tó ṣàwárí ohun ńlá: "Daddy, dráífà ni." Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá mi. Dráífà ni. Ta ló pa á?

Ká ní ẹ ṣí Device Manager kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan ni! Àmì ìyanu kékeré aláwọ̀ ìyeyè á ti wà níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀yà tí ara rẹ̀ kò yá. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, tí a lọ sí Details, tí a mú Hardware Ids, VEN àti DEV á jáde pẹ̀lú nọ́ńbà tiwọn. Bí VEN bá jẹ́ 8086, Intel ló ṣe é. 10EC, Realtek ni. 14E4, Broadcom. DEV ló máa sọ irú èyí tó jẹ́ gan-an. Nọ́ńbà wọ̀nyí ni a fi ń wá dráífà, kì í ṣe orúkọ tí wọ́n kọ sẹ́yìn síkírìnì, torí láptọ́ọ̀pù méjì lè jọ jẹ́ orúkọ kan kí káàdì Wi-Fi inú wọn má bára tan rárá. Gbogbo rẹ̀ kò gba àkókò tí ọmọ iṣẹ́ yín fi ń wá ṣéńjì kiri.

Dípò ìyẹn, fíláṣì ni yóò jáde látinú àpò ṣòkòtò. Mo bọ̀wọ̀ fún fíláṣì yẹn, ó ti pẹ́ láyé. Ẹgbàágbèje dráífà ló wà nínú rẹ̀, ẹ sì máa ń da gbogbo wọn lé kọ̀ǹpútà lórí lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tó bá mọ ilé rẹ̀ kó wọlé. Pátákó ìtẹ̀ka ni mo ní kò ṣiṣẹ́. Ó ṣiṣẹ́, mi ò ní parọ́ mọ́ yín. Ṣùgbọ́n mo délé, mo bá aṣàwákiri tí mi ò bèèrè, mo bá ètò agbógunti-fáírọ́ọ̀sì méjì tó ń bára wọn jà, mo sì bá nǹkan kan tó ń kìlọ̀ fún mi lójoojúmọ́ pé kọ̀ǹpútà mi wà nínú ewu, kí n san owó dọ́là. Ẹ̀bùn ni gbogbo ìyẹn? Ẹ ṣeun, Ọlọ́run á san án fún yín.

Ti Wi-Fi ló wá múnú bí mi jù. Dráífà Wi-Fi wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, íntánẹ́ẹ̀tì kò sì lè wọlé láìsí dráífà Wi-Fi. Ẹ fọwọ́ lẹ́rán, ẹ ní kí n lọ ra dongle. Ọ̀gá mi, fóònù wà lọ́wọ́ yín lásìkò yẹn, ẹ ń fi wo bọ́ọ̀lù Arsenal. Tí ẹ bá fi wáyà ṣájà rẹ̀ so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, tí ẹ tan USB tethering, íntánẹ́ẹ̀tì á gba inú wáyà wọlé, ẹ ó sì lè fa dráífà náà sílẹ̀. Dáta tí yóò jẹ kò tó ti abala kejì eré yẹn.

Mo tún dá àbá kan fún yín. Ẹ fi Ubuntu tàbí Linux Mint sórí fíláṣì, kí ẹ tan kọ̀ǹpútà láti orí rẹ̀. Kò ní kan fáìlì ẹnikẹ́ni. Tí ohùn bá dún níbẹ̀, kò sí ohun tó ṣe sípíkà, Windows ni kí ẹ bá wí. Tí kò bá dún níbẹ̀ náà, a jẹ́ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀yà ara gan-an ló bàjẹ́, kí ẹ wá mú skúrùdíráífà. (Àwọn káàdì Wi-Fi Broadcom kan wà tó ń ṣagídí lórí Linux pàápàá, ti wọn yàtọ̀.) Ẹ̀rín ni ẹ rín. Ẹ ní, "Daddy, Linux kì í tà l'Ajah." Èmi kò ní kí ẹ tà á.

Nígbà kan tí síkírìnì dúdú, tí kọ̀ǹpútà kàn ń ké bíìpù, ẹ ò sí ní ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ iṣẹ́ yín, èyí tó kéré jù, yọ RAM, ó fi íréṣà ọmọ ilé-ìwé nu eyín rẹ̀, ó tì í padà. Kọ̀ǹpútà jí. Ọmọ yẹn mọ ibi tí a ń gbé. Òkun wà lọ́wọ́ kan wa, ọ̀sà wà lọ́wọ́ kejì, láti Lekki títí dé Ajah ni afẹ́fẹ́ ń gbé ọ̀rinrin àti iyọ̀ wọnú ilé, irin wẹ́wẹ́ inú ẹ̀rọ a sì máa dípẹtà. Ẹ fi owó kún owó rẹ̀. Tí ẹ bá sì dé kó tó parí iṣẹ́ ọjọ́ yẹn, mo mọ ohun tí ẹ ò bá sọ.

Ó wá ku ti iná. "Mo máa fi hot air sí i, á gbé." Ẹ rántí HP Pavilion dv6000 àti dv9000 ayé ọjọ́un, tó máa ń tan ṣùgbọ́n tí síkírìnì rẹ̀ á ṣú dùdù? Ní oṣù keje ọdún 2008, Nvidia fúnra wọn kéde pé àwọn ti ya owó tó tó mílíọ̀nù 150 sí 200 dọ́là sọ́tọ̀ nítorí àwọn ẹ̀yà àwòrán inú láptọ́ọ̀pù tí ohun tí wọ́n fi lẹ̀ wọ́n pọ̀ kò gba ooru dáadáa. Gbígbóná àti títutù ló ń la ibi tí wọ́n lẹ̀ náà. Ẹ̀rọ tí ooru bà jẹ́, ooru náà ni ẹ fi ń wò ó, yóò sì jí lóòótọ́, yóò lo ọjọ́ díẹ̀, yóò tún kú. Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí gàràntì yín fi jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan.

Mi ò ní gbàgbé Windows 11 tí ẹ fi ta mí lọ́rẹ. Lóòótọ́, Microsoft ti ká ọwọ́ kúrò lórí Windows 10 ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, ẹ̀rù sì ba gbogbo wa. Ṣùgbọ́n Windows 11 fẹ́ ẹ̀yà ààbò tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0, tí ó bá sì jẹ́ Intel, láti ìran kẹjọ lọ sókè ni wọ́n ń gbà, yàtọ̀ sí ẹyọ díẹ̀. Kọ̀ǹpútà tèmi kò dé ibẹ̀, àmọ́ fíláṣì yín mọ ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé tó fi ń yẹ àyẹ̀wò yẹn sílẹ̀. Ó wọlé, mo kí yín kú oríire. Kò sí ẹni tó kọ dráífà àwòrán fún irú láptọ́ọ̀pù arúgbó bẹ́ẹ̀ lórí Windows 11, ni Microsoft Basic Display Adapter bá gba ipò: lẹ́tà tóbi, fídíò ń já, ìmọ́lẹ̀ síkírìnì kò ṣeé dín kù. Mo ní kí ẹ wá wò ó. Ẹ ní ojú mi ni.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ má rò pé mo fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu ọkùnrin yìí. Kì í ṣe òun ló ba gbogbo ẹ̀rọ wọ̀nyí jẹ́. Nígbà tí Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti ilé iṣẹ́ àdéhùn Basel tó wà ní Ìbàdàn ṣèwádìí ní àwọn èbúté Èkó ní ọdún 2015 àti 2016, wọ́n rí i pé nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù ẹ̀rọ oníná àlòkù ló ń wọlé lọ́dún, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí wọ́n há sínú mọ́tò tòkunbọ̀. Ó kéré tán, 15,700 tọ́ọ̀nù ni kò ṣiṣẹ́ mọ́ kó tó délẹ̀. Ìyẹn ni pé òkú lẹlòmíì ń gbé wá fún Ẹnjiníà. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà kò tún ràn án lọ́wọ́: ní ìparí ọdún 2019, Intel bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọ̀pọ̀ dráífà àti BIOS àtijọ́ kúrò lórí ìkànnì wọn. Bí ẹ ṣe ń rẹ́rìn-ín fíláṣì arúgbó yẹn, ó lè jẹ́ ibẹ̀ nìkan ni dráífà ẹ̀rọ yín kù sí. Ọkùnrin yìí kan náà ló yọ háádì dísíkì mi tó ń kérora, tó fi SSD rọ́pò rẹ̀. Kọ̀ǹpútà tí mo máa ń mu tíì tán kó tó ṣí wá ń ṣí kí n tó jókòó. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún un.

Ẹnjiníà, ẹ̀yin náà ni mo sì bi léèrè láptọ́ọ̀pù ìyàwó mi ní oṣù tó kọjá, tí ẹ ní ó ti wà ní Computer Village, pé ọmọ yín wà ní Otigba n'Íkẹjà, ó ń dúró de mátábọ́ọ̀dù. Mo gbà. Láti Ajah dé Ìkẹjà, ẹni tó bá kó sí Lekki-Epe Expressway, tó tún kó sí Third Mainland, ọjọ́ rẹ̀ ti lọ nìyẹn, mo tilẹ̀ ṣàánú ọmọ náà. Mo wá bẹ̀rẹ̀ láti mú fóònù mi tó bọ́ sílẹ̀, mo rí láptọ́ọ̀pù Village yìí lábẹ́ tábìlì yín, abọ́ ìrẹsì wà lórí rẹ̀. Mi ò sọ̀rọ̀. Mo kí yín pé ẹ kú oúnjẹ.

Ọ̀rọ̀ tó kù jẹ́ ti skúrù. Ìdí kọ̀ǹpútà mi kún kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ìdajì ló bá mi bọ̀, ọ̀kan nínú wọn sì gùn ju ihò tí ẹ rọ́ ọ sí. Ó ti gún kíbọọdù láti ìsàlẹ̀, lẹ́tà E ti yọ sókè, kò ṣeé tẹ̀. Fóònù ni mo fi kọ lẹ́tà yìí. Mò ń bọ̀ ní Sátidé, lẹ́yìn àdúrà àárọ̀, kí ọ̀nà tó dí. Ẹ bá mi wá skúrù kúkurú sílẹ̀, kí ẹ sì sọ fún ọmọ yẹn pé kó mú íréṣà rẹ̀ dání.

Èmi ni tiyín,
Daddy tó ń gbé láptọ́ọ̀pù dúdú