Omi Tútù, Omi Gbígbóná, àti Èyí Tó Wà Láàárín

Ní Peckham níbi tí à ń gbé, ẹni tí òùngbẹ bá ń gbẹ á yí ẹ̀rọ omi ilé ìdáná, á gbé ife sábẹ́ rẹ̀, á mu, ó tán. Kò sí ẹjọ́ níbẹ̀. Ẹjọ́ ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àlejò bá ti Èkó dé. Ẹ bu omi ẹ̀rọ fún un, kí ẹ máa wo ojú rẹ̀. Á fi ọwọ́ méjèèjì gbà á nítorí pé ó gba ẹ̀kọ́ ilé, á rọra gbé ife náà kalẹ̀, á ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ mumi nínú bàálù ni. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, páálí omi onígò ti tò sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, àfi bí ilé ẹni tó ń retí ogun.

Ìyá mi ò tilẹ̀ fi tiwọn bò. Nígbà tí wọ́n wá kí wa, wọ́n ṣí kẹ́tùlù, wọ́n rí nǹkan funfun tó lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, wọ́n figbe ta: "Ta ló da ẹfun sínú omi tíì? Àbí ẹ ti ń bọ Ọbàtálá ní Lọ́ńdọ̀nù?" Mo ṣàlàyé pé ilẹ̀ olókùúta ẹfun ni omi agbègbè yìí ti ń ṣàn wá, pé bí a bá sè é, ẹfun náà á jókòó sí ìdí kẹ́tùlù, pé kò pa ẹnikẹ́ni. "Kò tíì pa ẹnikẹ́ni," ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Omi inú ọ̀rá tó ní nọ́ńbà NAFDAC lára ni wọ́n gbà gbọ́. Omi ẹ̀rọ Gẹ̀ẹ́sì, nọ́ńbà rẹ̀ dà?

Àwọn náà ni wọ́n wá pè mí láti Agége pé àwọn fẹ́ dìsípẹ́ńsà, ẹ̀rọ tó ń da omi tútù àti gbígbóná láti inú ìgò ńlá. "Ìwọ lo wà lókè òkun, ìwọ lo máa mọ èyí tó dáa." Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ ọ́n? Níbí, ọ́fíìsì ni mo ti ń rí dìsípẹ́ńsà, iṣẹ́ tó sì ń ṣe níbẹ̀ ni pé kí òṣìṣẹ́ rí ibi dúró sí sọ̀rọ̀ ọ̀gá lẹ́yìn. Ní Èkó, pálọ̀ ni ìjókòó rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, níbi tí ojú àlejò á ti kàn án kó tó rí àga. Ọ̀rá tí wọ́n fi wé e láti ṣọ́ọ̀bù kì í kúrò lára rẹ̀.

Mo wádìí o. Èyí tó rọjú ni èyí tí kò ní kọ̀mpúrẹ́sọ̀: ohun pẹlẹbẹ kan àti fáànù kékeré ló ń fa ooru kúrò lára omi. Ó dáa fún ilẹ̀ olótùútù. Ní Agége, nínú oṣù Ẹrẹ́nà, tí pálọ̀ fúnra rẹ̀ ti gbóná ju 30°C lọ, ohun tó máa ti ibẹ̀ jáde, ẹ ò lè pè é ní omi tútù níwájú àlejò. Elékọ̀mpúrẹ́sọ̀, tó ní gáàsì bíi ti fìríìjì, nìkan ló lè mú kí eyín ro èèyàn.

Bọ́tìnnì pupa, ti omi gbígbóná, ni mo ní kí wọ́n gbàgbé pátápátá. Ó ń jẹ iná tó bíi 500 wáàtì. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo àdúgbò ń pè ní "I better pass my neighbour" kò tó 1000 wáàtì. Bí ó bá ti gbé fìríìjì àti fáànù, kí ẹnì kan wá tan pupa yẹn, á kérora, á dákẹ́. Omi ọ̀hún pàápàá kì í hó, bẹ́ẹ̀ ni kò ju bíi lítà kan lọ. Ẹ̀bà ta ni omi lítà kan tí kò hó fẹ́ tẹ̀?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le gan-an ni ìgò. Ìgò ńlá yẹn ń gba lítà 18.9, ìwọ̀n rẹ̀ sì sún mọ́ kílò 20. Èyí tí wọ́n ń dojú ìgò dé lórí, géńdé ló lè gbé e, kó sì yí i dà láìfi omi wẹ pálọ̀. Ìyá mi ti lé ní 70. Mo bá ní kí n ra èyí tí wọ́n ń ki ìgò sí nísàlẹ̀. Àṣé ẹ̀rọ kan ló ń fa omi láti ìsàlẹ̀ wá sókè, iná ló sì ń mú ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́. Iná lọ, omi lọ. Ìgò á kún dẹ́nu, òùngbẹ á máa gbẹ ìyá onílé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ti òkè kò bèèrè iná lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó da omi. Géńdé ló ń bèèrè. Àwọn géńdé àdúgbò wa sì ti jápa tán. Wọ́n wà ní Peckham, wọ́n ń mu omi ẹ̀rọ.

Ọmọ tó ń fi kẹ̀kẹ́ Márúwá kó omi kiri ló gbà wá. Ó ń gbé òfìfo lọ, ó ń gbé ẹ̀kún wá. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni a san owó ìgò. Àmọ́ owó gbígbé-e-sórí ń bẹ, kò sí nínú ìwé. Màámi gbìyànjú láti fi ife omi tútù kan san án. Ó mu omi náà, ó dúpẹ́, ó sì dúró.

Elékọ̀mpúrẹ́sọ̀, olórí-ìgò, ni a rà. Mo bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n má gbé e síbi tí oòrùn ń ràn dé, nítorí omi inú ìgò á máa yí sí àwọ̀ ewé. Ojú fèrèsé ni wọ́n gbé e sí. Bí wọn ò bá gbé e síbẹ̀, báwo ni àwọn ará ọ̀dọ̀ọ́kán ṣe fẹ́ rí i? Àwọn fúnra wọn ò tíì mu níbẹ̀. Wọ́n ní á mú kí eyín ro àwọn. Àmù ìyá wọn ṣì wà ní kọ̀rọ̀, omi ń gba ara amọ̀ rẹ̀ yọ díẹ̀díẹ̀, afẹ́fẹ́ ń gbẹ ẹ́ kúrò, inú rẹ̀ ń tutù láìjẹ wáàtì kan. Ohun tí wọ́n ń lò jù lára dìsípẹ́ńsà ni àpótí kékeré ìsàlẹ̀ rẹ̀, tó ń tutù bíi fìríìjì. Ọbẹ̀ ẹja ló wà níbẹ̀. Ọmọ olómi ti mọ̀ bẹ́ẹ̀, ni wọ́n bá pe káfíńtà kó wá kan àgádágodo sí i. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà ní ìdí ìró wọn.