Onílé Olójú Mẹ́ta

Àlejò lójú, kò fi ríran. Àwọn tó pa òwe yìí kò fi bú àlejò. Ohun tí wọ́n rí ni pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀lú kò lè mọ ìyàwó tó ń bá orogún rẹ̀ yan odì, kò sì lè mọ ọ̀nà tí a kì í gbà lọ́sàn-án gangan, bó ti wù kí ojú rẹ̀ tóbi tó. Onílé ló yẹ kó bá a ríran. Ètò náà dára. Ohun tí wọn kò rò tẹ́lẹ̀ ni ọjọ́ tí onílé yóò máa sanwó láti wá ṣe àlejò nílùú ara rẹ̀, tí yóò sì mú ojú mẹ́ta mìíràn dání, èyí tó wà lẹ́yìn fóònù.

Ẹ wá sí Old Garage, l'Óṣogbo, láàárọ̀ Sátidé tí ẹgbẹ́ irú àwọn onílé bẹ́ẹ̀ bá háyà bọ́ọ̀sì lọ ṣe ìrìn-àjò afẹ́. Ẹ kò ní í wá wọn tì: fìlà kan náà, tíṣẹ́ẹ̀tì kan náà, orúkọ ìrìn-àjò gàdàgbà láyà wọn. Inú ìlú yìí la ti bí ọ̀pọ̀ wọn. Ẹni tó ṣètò ìrìn-àjò náà, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ti gba owó lọ́wọ́ gbogbo wọn kí dẹ́rẹ́bà tó tan iná mọ́tò. (Ọ̀ṣómàáló Ìjẹ̀ṣà ayé àtijọ́ a kọ́kọ́ gbé aṣọ fún ọ láwìn, ó di ọjọ́ tó o bá ń yẹra fún un kó tó wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ. Ọmọ rẹ̀ ti gbọ́n jù ú lọ.)

Ilé Susanne Wenger lójú ọ̀nà Ìbòkun ni wọ́n kọ́kọ́ yà sí, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì irú èyí tí àwọn Àgùdà mú ọnà rẹ̀ ti Bràsíl dé. Bí òwe yẹn bá péye ni, obìnrin tó gbé ilé yìí ni ì bá fọ́jú jù l'Óṣogbo. Ìlú Graz l'Ọ́sítíríà ni wọ́n bí i sí ní 1915. Ó dé Nàìjíríà ní 1950. Nígbà tó débí, àwọn kan ń gé igi nínú igbó Ọ̀ṣun, àwọn kan ń pẹja nínú odò tí a kì í pẹja rẹ̀. Onílé wo ìrókò, pákó ló rí. Àlejò yìí wo ibì kan náà, ó rí òrìṣà. Kò dá a ṣe o: Adébísí Àkànjí, tó ti ń ṣiṣẹ́ bíríkìlà tẹ́lẹ̀, wà lára àwọn ọmọ ìlú tí wọ́n jọ fi amọ̀ àti sìmẹ́ńtì gbé àwọn ojúbọ náà dìde padà. Ní 1965 ìjọba dáàbò bo igbó náà. Ní 2005 UNESCO kọ ọ́ mọ́ àwọn ibi ajogúnbá àgbáyé. Àdùnní Olórìṣà, bí wọ́n ti ń pe Wenger, kú ní oṣù kìíní ọdún 2009, lẹ́ni ọdún 93.

Àwọn onílé wa ńkọ́? Wọ́n ya àtẹ̀gùn ilé náà. Ẹnì kan bèèrè bóyá òyìnbó yẹn wà nílé. Nínú igbó, ẹ̀yìn ni gbogbo wọ́n kọ sí ojúbọ, torí pé kámẹ́rà iwájú ni wọ́n tẹjú mọ́. Àwọn ọ̀bọ ibẹ̀ nìkan ló ń wòran dáadáa, àwọn èrò yìí sì ni ìran tí wọ́n ń wò.

Ó di Iléṣà. Ìlú yẹn mọ̀ nípa ọtí: láti 1978 ni International Breweries ti ń pọn bíà níbẹ̀, Trophy sì ti dé ibi tí ọ̀pọ̀ Ìjẹ̀ṣà fúnra wọn kò dé. Àmọ́ wọ́n ní bíà kì í ṣe àṣà. “Ọgbà wáìnì ìbílẹ̀” ló wà nínú ìwé ìpolówó. Nígbà tí bọ́ọ̀sì máa dúró, ìdí ọ̀pẹ ni, lọ́dọ̀ baba adẹ́mu kan.

Ni wọ́n bá kó ife ẹlẹ́sẹ̀ tínínrín jáde. Wọ́n bu ẹmu sí i, wọ́n ń fì í yíká, wọ́n ń ki imú bọ̀ ọ́ bí wọ́n ti rí i nínú fíìmù àwọn Faransé. Baba wò wọ́n títí. “Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé oyin kó sí i ni?”

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní, “Bàbá, ẹmu ọdún wo lèyí?”

“Tàárọ̀ yìí ni.”

Ó rò pé baba ò gbọ́ òun ni, ó tún un bèèrè. Bẹ́ẹ̀, ìdáhùn ti pé. Wáìnì Faransé lè sùn sí yàrá abẹ́ ilẹ̀ fún ogún ọdún, kí owó rẹ̀ máa gorí i. Ẹmu kì í sùn. Bó ti ń kán sínú agbè ni ìwúkàrà ti ń jẹ ṣúgà inú rẹ̀. Láàárọ̀ ó dùn, lọ́sàn-án ó ń hó, tó bá dalẹ́ ó ti ń kan. Ẹni tó bá fẹ́ kó pẹ́ nínú ìgò ní láti gbé e kaná kí ìwúkàrà náà kú, bí àwọn NIFOR, iléeṣẹ́ ìwádìí ọ̀pẹ, ti ń ṣe lẹ́bàá Benin. Ọ̀dọ́mọkùnrin wa kò gbé nǹkan kan kaná. Ó rọ tirẹ̀ sínú ìgò, ó dé e pinpin, ó ní ọ̀gá òun ní ọ́fíìsì ni òun ń mú un lọ fún. Kí wọ́n tó padà d'Óṣogbo, ìdérí ti fò lọ lu òrùlé bọ́ọ̀sì, gbogbo tíṣẹ́ẹ̀tì sì ti mu nínú ẹmu náà ju ọ̀gá lọ.

Àmọ́ ìdí ọ̀pẹ yẹn ni ọ̀rọ̀ ti dùn jù. Wọ́n ní kí baba gùn ún kí àwọn ya fídíò. Ó so igbà mọ́dìí, ó gùn ún. Ẹni tó mú fóònù gbàgbé láti tẹ̀ ẹ́. Ó tún gùn ún. Wọ́n ní oòrùn wà lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n ní kó bọ́ ẹ̀wù kó lè dà bíi tàtijọ́.

Baba tú igbà, ó jókòó.

“Owó ẹmu ọ̀tọ̀,” ó ní, “owó gígùn ọ̀tọ̀. Ti ẹ̀wù tẹ́ ẹ ní kí n bọ́ yẹn, a ò tíì dúnàá dúrà lórí ẹ̀.”