Ògìdìgbó Àwọn Òyìnbó

Bí òwe bí òwe là ń lu ìlù ògìdìgbó. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Ìlù ààfin Ọ̀yọ́ ni, ìlù Aláàfin àti Baṣọ̀run. Onílù mọ ohun tó ń wí, oníjó náà sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ṣùgbọ́n ta ló máa dìde láwùjọ kó ní òun kì í ṣe ọlọ́gbọ́n? Ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan á kúkú máa mirí. Ẹnu ọ̀nà yẹn gan-an ni orin aláriwo gbà wọlé.

Níbẹ̀rẹ̀, etí kò tíì mọ irọ́ pa. Luigi Russolo ará Ítálì, ayàwòrán tí kì í ṣe olórin, kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́dún 1913 pé ó tó àsìkò kí ariwo ẹ̀rọ àti ti ìgboro di orin. Ó kan àwọn àpótí tí ẹnu wọn là gbàgàdà: èyí ń bú, èyí ń kùn, òmíràn ń ta pàrà-pàrà. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹrin ọdún 1914, ó kó wọn lọ sí gbọ̀ngàn Dal Verme ní Milan. Àwọn èrò fi igbe àti òṣé pàdé wọn. Marinetti, aṣáájú ẹgbẹ́ tí Russolo wà, àtàwọn ènìyàn rẹ̀ bá bọ́ sílẹ̀ láàárín èrò, ìkúùkù ń sọ̀. Russolo ní tirẹ̀ kò wẹ̀yìn. Ó ń darí àpótí rẹ̀ lọ. Ariwo ọ̀fẹ́ bá ariwo tí wọ́n sanwó fún figẹ̀ wọngẹ̀. Ìwà ìpátá ni, ṣùgbọ́n mo bọ̀wọ̀ fún àwọn ará Milan yẹn: ohun tí etí wọn gbọ́ ni ẹnu wọn sọ.

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1971, ọgbọ́n ti pọ̀ sí i. Ní Madison Square Garden, New York, Ravi Shankar, olórin ará Íńdíà, àtàwọn ènìyàn rẹ̀ jókòó, wọ́n ń tún okùn ohun èlò wọn ṣe. Wọn ò tíì kọrin o. Gbọ̀ngàn bú sí àtẹ́wọ́. Bàbá dúpẹ́, ó ní bí wọ́n bá gbádùn títún okùn ṣe tó báyìí, òun nírètí pé wọn á gbádùn orin fúnra rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Orin ìjìnlẹ̀ ni ti Shankar, kì í ṣe ariwo. Àwọn alátẹ́wọ́ ni mò ń bá wí. Ìlù ò tíì dún, gbogbo wọn ti di Baṣọ̀run.

Ọdún 1975 ni Lou Reed, olórin rọ́ọ̀kì ará Amẹ́ríkà, wá gbé Metal Machine Music jáde. Àwo méjì, ojú mẹ́rin, ó lé ní wákàtí kan. Kò sí ohùn ènìyàn, kò sí ìlù. Gìtá ló fi kọjú sí sípíkà tó jẹ́ kí wọ́n máa han, bíi máìkì tó ń sọ gbogbo òde ìnáwó di adití. Wọ́n sì gé ìlà tó kẹ́yìn lójú kẹrin kó máa yí lójú kan: àfi kí o dìde gbé abẹ́rẹ́ kúrò, kò ní tán láé. Ọ̀pọ̀ tó rà á gbé e padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n gbowó wọn. Akọ̀ròyìn Lester Bangs kọ ọ́ pé kò sí àwo tó dáa tó o rí. Bóyá ẹ̀fẹ̀ ló ń ṣe, mo fura pé òun náà ò mọ̀.

Àwọn kan fẹ́ràn rẹ̀ dénú. Ẹni tó bá fara balẹ̀ á bá àwọn ohùn tín-ín-tín tó ń fò sókè sódò nínú rẹ̀. N ò bá wọn jà. Ẹni tó gbọ́ ìṣẹ́jú mẹ́ta, tó wá ń sọ fún àlejò pé ó jinlẹ̀, ni tèmi. Bí wọ́n bá bi í pé kí ló jinlẹ̀ níbẹ̀, á ní ìwọ ni kò yé.

Lọ́dún 2002, wọ́n lu ariwo kan náà ní Berlin. Ulrich Krieger ti jókòó, ó fara balẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé kí ẹgbẹ́ olórin Zeitkratzer lè fi fayolíìnì àti fèrè lù ú. Reed fúnra rẹ̀ gbé gìtá bá wọn lẹ́yìn. Àtẹ́wọ́ sọ. Ǹjẹ́ kí àwọn tó gbowó wọn lọ́dún 1975 wá lọ dá a padà fún oníṣọ́ọ̀bù bí?