Ìjàpá Alákèǹgbè

Àlọ́ o!
Àlọ̀!
Àlọ́ mi dá fìrìgbagbòó, ó dá lórí Ológoṣẹ́, Erin ọba àti Ìjàpá ọkọ Yánníbo.

Láyé àtijọ́, nígbó Ìjàrẹ́, orí ìrókò Ológoṣẹ́ ni gbogbo ẹranko ti ń sọ tẹnu wọn. Erin náà sọ tirẹ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó lérí mọ́ àwọn ọmọ ìlú. Ológoṣẹ́ ní irú èyí kì í jókòó lórí igi òun, ó pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́. Inú bí Erin. Ó ní kí Odídẹrẹ́ kéde pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ débẹ̀ mọ́, ẹni tó bá débẹ̀, ilé ẹjọ́ ni. Ibo ni Odídẹrẹ́ ti kéde? Orí ìrókò náà ni! Ẹ má rẹ́rìn-ín. Orí Twitter náà ni ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ti kéde ní June 4, 2021 pé àwọn ti Twitter pa.

Erin fi Ajá sí gbogbo oríta. Ìbéèrè Ajá ò ju ọ̀kan lọ: “Níbo lẹrù yìí ń lọ?” Bó bá ti gbọ́ ìrókò, ó dá a padà.

Ni Ìjàpá bá gbé ọgbọ́n dé. Ó ní kí kálukú fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú akèǹgbè, kó dé e pa, kó kọ àdírẹ́sì ìbátan òun ní Kútọnu sí i lára. Ìbátan yìí á tú u, á jíṣẹ́ fún Ológoṣẹ́ bíi pé tirẹ̀ ni. Èsì á gbabẹ̀ padà. VPN lẹ̀yin ń pè é. Wọ́n ń kọrin kọjá lójú Ajá:

Ajá oníbodè, kí lo rí?
Kútọnu là ń lọ.
Kí ló wà nínú akèǹgbè?
Kútọnu là ń lọ.
Ta ló rán ọ níṣẹ́ yìí?
Kútọnu là ń lọ.

Nígbà tó yá, Ajá fura sí akèǹgbè. Ó ń dá gbogbo èyí tó bá ń lọ Kútọnu padà. Ìjàpá yáa ti akèǹgbè bọ àárín àpò kòkó tó ń gba Akúrẹ́ kọjá lójoojúmọ́. Ta ni yóò dá kòkó dúró? Owó orí Erin ń bẹ nínú rẹ̀. Kódà, akèǹgbè àwọn ìjòyè Erin wà níbẹ̀, wọ́n kàn ń fi agbádá bò ó ni.

Òwò gbòòrò. Ìjàpá tún ní ọ̀fẹ́ ni òun ń ṣe é báyìí. Ẹranko ń jó, kò sẹ́ni tó béèrè ohun tí Ìjàpá ń jẹ. Àṣé ìbátan tó ń tú akèǹgbè ń kọ ọ́ sílẹ̀: ilé tí Òbúkọ ń yọ́ lọ lóru, ẹni tí Àgbò jẹ lówó. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ló ń rà á.

January 13, 2022 ni Nàìjíríà ṣí Twitter padà. Ní July ọdún náà, ilé ẹjọ́ ECOWAS dájọ́ pé títì tí wọ́n tì í kò bófin mu. Ṣùgbọ́n ìwé tí ìbátan Ìjàpá kọ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tí akèǹgbè ọ̀fẹ́ ṣì wà nínú fóònù yín, ẹ yọ ọ́ kúrò lónìí.