Ọmọ Awo Nílé, Tory Lókè Òkun

Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń ṣe ẹgbẹ́ Conservative, tí wọ́n tún ń pè ní Tory, ní Ìlú Ọba tàbí Republican ní Amẹ́ríkà kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe àwátì. Kemi Badenoch, tí wọ́n bí ní Wimbledon lọ́dún 1980 tó sì dàgbà sí Èkó, di olórí ẹgbẹ́ Conservative ní oṣù kọkànlá ọdún 2024. Bim Afolami ṣojú Hitchin àti Harpenden nílé aṣòfin láti 2017 sí 2024. Àwọn tí ìwé ìròyìn kò dárúkọ wà ní Peckham àti Houston: nọ́ọ̀sì, awakọ̀ takisí, pásítọ̀. Ìṣòro kan náà ló pa wọ́n pọ̀: àárín àwọn tó ń dìbò fún ẹgbẹ́ kejì ni wọ́n ń gbé, níbẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, níbẹ̀ náà ni wọ́n ti ń jẹ ìrẹsì ìsọmọlórúkọ, olúkúlùkù ló sì ti mọ ohun tó wà nínú wọn kí wọ́n tó lanu.

Nílé, èrò tó sọ wọ́n di Conservative kò ní orúkọ òṣèlú kankan. Ẹni tó bá ní kí ọmọ kúnlẹ̀ kí àgbà, kí ọ̀lẹ má jẹun, kí ìjọba má tọwọ́ bọ àpò oníṣòwò, wọn kì í pè é ní nǹkan kan ju “bàbá” lọ. Orúkọ tó níyì ní ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà láti 1951, tí Awólọ́wọ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé Action Group, Ẹgbẹ́ Afẹ́nifẹ́re, jáde, ni onítẹ̀síwájú. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ọdún 1955 fìdí orúkọ náà múlẹ̀ débi pé APC (All Progressives Congress), tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2013, fi í sínú orúkọ tirẹ̀. Díákónì Ìbàdàn tó kórìíra owó orí, tí kò sì fẹ́ gbọ́ ìkọ̀sílẹ̀ létí, onítẹ̀síwájú paraku ni. Bó bá sọ̀ ní Heathrow pẹ̀lú èrò kan náà, kó tó tú àpò rẹ̀, ó ti di Tory.

Àwọ̀ pàápàá ń da ni láàmú. Búlúù ni Conservative ní Ìlú Ọba, pupa ni Labour. Ní Amẹ́ríkà, láti ìgbà ìdìbò ọdún 2000, pupa ni wọ́n fi ń mọ Republican, búlúù ni ti Democrat. Ẹni tó bá kó láti London lọ sí Houston láì yí èrò padà gbọ́dọ̀ yí aṣọ ẹbí padà. Òfin ìdìbò pàápàá ní ẹ̀fẹ̀ tirẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé Ìlú Ọba lọ́nà tó bófin mu lè dìbò yan aṣòfin ibẹ̀ nítorí pé ọmọ Commonwealth ni, bí kò tilẹ̀ tíì mọ bọ́ọ̀sì tó ń lọ sílé rẹ̀. Gómìnà Ọ̀ṣun ni kò lè dìbò yàn láti ibẹ̀. Orí WhatsApp ló ti ń yan ìyẹn.

Ẹ̀sùn mẹ́rin ni wọ́n sábà máa ń fi kàn wọ́n. Àkọ́kọ́ ni pé ẹgbẹ́ òyìnbó ni wọ́n ń ṣe. Ó nídìí: ìjọba Labour ló ṣe òfin àkọ́kọ́ tó tako ìyàsọ́tọ̀ ẹ̀yà ní Ìlú Ọba ní 1965, Ààrẹ Johnson tó jẹ́ Democrat ló sì fọwọ́ sí òfin ẹ̀tọ́ aráàlú ní Amẹ́ríkà ní 1964. Èsì àwọn Tory Yorùbá ni pé ẹgbẹ́ tí wọ́n ń bú yìí ti fi Thatcher tó jẹ́ obìnrin ṣe olórí ní 1975, ó fi Sunak tí kì í ṣe òyìnbó ṣe é ní 2022, kó tó kan Badenoch. Ọkùnrin òyìnbó nìkan ni Labour dìbò yàn sípò olórí títí di 2024 yẹn.

Èkejì ni pé wọn kò láàánú tálákà. Èyí máa ń ya ẹni tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìtọ́jú arúgbó lẹ́nu. Òun fúnra rẹ̀ ni ètò ìrànwọ́ fún odidi agbo ilé kan ní Ìjẹ̀bú-Òde: owó ilé ìwé ọmọ ẹ̀gbọ́n, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá àgbà, ìsìnkú ẹni tí kò mọ̀ rí. Ìjọba méjì ló ń gba owó orí lọ́wọ́ rẹ̀, ti Ìlú Ọba àti ti mọ̀lẹ́bí, ti mọ̀lẹ́bí ni kò sì ní gbèdéke.

Ẹ̀kẹta, pé àjèjì tó ń tìlẹ̀kùn mọ́ àjèjì ni wọ́n, ló le jù. Ìjọba Conservative ló ní kí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ oyè másítà má kó ìyàwó àtọmọ wá mọ́ láti oṣù kìíní 2024. Ní ti Republican, ní oṣù kìíní 2020, àjọ Pew tẹ èsì ìwádìí jáde pé ìdá 58 nínú 100 àwọn ọmọ Nàìjíríà fọkàn tán Trump lórí ọ̀rọ̀ àgbáyé. Ní ọjọ́ tó gbẹ̀yìn oṣù náà, Trump dá físà àwọn ọmọ Nàìjíríà tó fẹ́ kó lọ máa gbé Amẹ́ríkà dúró. Kò sí ẹ̀fẹ̀ tó lè bo èyí fún ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ṣì wà ní Ìkẹjà.

Ẹ̀kẹrin ni pé torí kí wọ́n lè tako ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin ni wọ́n ṣe wọ ẹgbẹ́ náà. Ní oṣù kìíní 2014, Nàìjíríà ṣòfin tó kà á léèwọ̀. Ní oṣù kẹta ọdún náà, irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní England, lábẹ́ Cameron, olórí Conservative. Díákónì tó tìtorí èyí wọ ẹgbẹ́ ti pẹ́ dé.

Ìdáhùn pín sí mẹ́ta. Ti àgbà ló yá jù: bí bàbá kan bá bèèrè lóde ìnáwó pé, “Ṣé ìwọ náà wà lára wọn?”, èsì ni, “Ẹ má bínú, sà, ẹ jẹ́ kí n bá yín bu ẹran sí i.” Ti ẹlẹgbẹ́ ẹni níbi iṣẹ́ ni kéèyàn mú ohun pàtó kan sọ, owó orí tàbí ilé ìwé, nítorí pé orúkọ ẹgbẹ́ máa ń dá ìjà sílẹ̀, owó orí kàn ń kunni lóorun ni. Ẹ̀kẹta, “Èmi ò dà bí àwọn aláwọ̀ dúdú yòókù,” ni kò dára rárá: ẹnì kan ló gbà sílẹ̀, gbogbo ará ilé ló bú.

Bí Tory náà bá wálé ọdún Kérésì, orúkọ yẹn kì í bá a wọ Èkó. Bí iná bá lọ, á bèèrè ohun tí ìjọba ń ṣe. Bí ilé ìwòsàn bá ní kó sanwó káàdì kó tó rí dókítà, á bínú, á ròyìn NHS, ètò ìwòsàn Ìlú Ọba tí ìjọba Labour dá sílẹ̀ ní 1948, á ní ọ̀fẹ́ ló yẹ kí ìwòsàn jẹ́ fún tolówó-tálákà. Ní ti àwọn ẹbí tó jókòó tì í, ó dá wọn lójú pé Labour pọ́ńbélé ni lọ́hùn-ún.