Ẹjọ́ Yíǹkì Àlùkò

Ẹ jókòó, ẹ̀yin ọmọ ilé mi. Ẹ pe àwọn tó wà lẹ́yìnkùlé wọlé, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ tó délẹ̀ yìí le: ọ̀rọ̀ yíǹkì ni.

Àlàbí ló gbé ìgò kan wọlé níjẹta. Yíǹkì kálàmù ni, ṣùgbọ́n kò dúdú, kò búlúù. Elésè àlùkò ni, èyí tí wọ́n tún bu omi là. Ìdí òkè Mápó nílùú Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí, yíǹkì tí mo bá lọ́wọ́ àwọn àgbà kò ju dúdú àti búlúù tó ń lọ sí dúdú lọ. Pupa wà, àmọ́ tíṣà ló ni ín, ẹ sì mọ ohun tó ń fi í ṣe sí ìwé ọmọ ọlọ́mọ.

Ìlú aró nìlú yìí. Nígbà tí wọ́n kọ́ Gbọ̀ngàn Mápó parí ní 1929, ṣé àlùkò làwọn ìyá wa wá kiri? Ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n tì bọ ẹ̀kọ láfún, wọ́n ya òpó gbọ̀ngàn náà sára aṣọ, wọ́n rẹ ẹ́ láró, wọ́n pè é ní Ìbàdàndùn.

Akínpẹ̀lú Ọbíṣẹ̀san náà ńkọ́? Láti nǹkan bí ọdún 1914 ló ti ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ ojoojúmọ́ sílẹ̀ nílùú yìí, ìwé náà sì wà ní Yunifásítì Ìbàdàn dòní. Ká ní yíǹkì Àlàbí ló fi kọ ọ́, tí oòrùn máa ń mú kó ṣá, tí omi máa ń gbé lọ, bébà funfun làwọn ọ̀mọ̀wé ì bá máa kà.

Ta ló tiẹ̀ kó wa síyọnu yìí? Ọmọ ọdún 18 kan ní London ni, William Perkin, ní 1856. Kuníìnì, oògùn ibà, ló ń wá. Ó pò ó títí, àlùkò ló bọ́ sí i lọ́wọ́. Ẹni tó ń wá oògùn bọ̀, ó gbé aró délé! Wọn ò sì nà án o. Ó fi dolówó. Ibà ń ṣe wá dòní.

Àmọ́ agbẹ́jọ́ẹnìkan-dá, òṣìkà ni. Mo ní kí yíǹkì náà wá rojọ́ tirẹ̀. Lóru, nígbà tí ẹ ti sùn, mo fi omi ṣan kálàmù mi, mo fà á kún. Lórí bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó là á já sí òdìkejì. Lórí bébà tó nípọn, ibi tí ọwọ́ mi ti dúró, ó ṣú bí ìyẹ́ àlùkò. Ibi tí ọwọ́ ti sáré, ó mọ́ bí ojú sánmà Bẹẹrẹ tí ilẹ̀ ò tíì ṣú tán. Mo kọ orúkọ mi. Mo tún un kọ. Mo kọ oríkì mi, mo kọ ti ìyá yín, àkùkọ kọ.

Kì í ṣe pé ó wù mí.

Láàárọ̀ ni ayálégbé ṣọ́ọ̀bù mi ní Ọjà'ba wá gba rìsíìtì. Mo fi yíǹkì náà sáré kọ ọ́ fún un. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó na án sójú oòrùn. Ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ nǹkan sí i.”

Nítorí náà, Àlàbí, gbé ìgò yẹn wá. Ọ̀dọ̀ mi ni yóò máa gbé, kó má ba ọmọ ẹlòmíì jẹ́. Kí lẹ ń wò níka mi? Osùn ni.