Àkísà Bí Àgbà

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yìí kò tíì rí sòkòtò jíìnsì. Lónìí, ọmọ ogún ọdún lè wọ ilé ìtajà, kó ra èyí tí wọ́n ti ya lórúnkún méjèèjì kó tó dé ọjà, kó sì san owó tó ju ti odindi lọ. Kò fi oko ya á, kò fi ẹ̀gún ya á. Owó ló fi ya á.

Àwa tí à ń pe ara wa lágbà náà kò gbẹ́yìn. Ẹ wo bí a ṣe ń sìnkú ìyá ní Ìlá Ọ̀ràngún àti káàkiri ilẹ̀ Ìgbómìnà. Àwọn ọmọ á ti Èkó dé, wọ́n á ti London dé, wọ́n á ṣí àpótí Màmá. Aṣọ òfì ìgbéyàwó rẹ̀ wà ńbẹ̀, kòkòrò ti jẹ ẹ́ létí. Ọ̀já tó fi pọn gbogbo wọn wà ńbẹ̀, ó ti fẹ́lẹ́ láàárín, níbi tí ìdí wọn máa ń gbé. Ìwé owó orí Bàbá wà ńbẹ̀, ó dì í mọ́ inú gèlè. Àkọ́bí á fi ọwọ́ bo imú: "Ẹ kó pàǹtí yìí síta!" Iná á jó o lẹ́yìn ilé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn ọmọ kan náà á máa pín ike fáwọn àlejò, àwòrán Màmá lára rẹ̀: "Sùn re o." Wọ́n ní ohun ìrántí ni. Ká fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, imú Màmá á ti bó. Kí ọyẹ́ tó dé, adìẹ ló ń mumi nínú rẹ̀.

Àwọn ìyá ìbejì ayé àtijọ́ kò gbọ́n tó báyìí. Bí ìbejì kan bá kú, tí Ifá sì ní kí wọ́n gbẹ́ ère, wọ́n á tọ agbẹ́gilére lọ. Ìlá kò wá wọn tì: ibẹ̀ ni ìdílé Fákẹ́yẹ wà, ìdílé Lámídì Fákẹ́yẹ tó gbẹ́ ère Odùduwà sí Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ n'Ífẹ̀, tó papò dà lọ́dún 2009. Ère á délé tòun ti ojú, imú àti ilà tó mú ṣáṣá. Ìyá á wẹ̀ ẹ́, á fi osùn pa á lára, á fi ẹ̀wà kàn án lẹ́nu, á sọ ọ́ mọ́ inú ìró. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ọwọ́ ìyá á pa ojú àti imú yẹn rẹ́, á dán bí òkúta odò.

Nígbà tí àwọn ọmọ gba Jésù, tí àwọn mìíràn kéwú, wọ́n pe ère náà lóòṣà, wọ́n tà á fún oníṣòwò. Inú gíláàsì ló wà ní London àti Amẹ́ríkà báyìí. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé èyí tí ojú rẹ̀ rẹ́ ni òyìnbó ń wá. Ni àwọn ọlọ́gbọ́n ọjà bá mú ère tuntun, wọ́n fi yanrìn ha á lójú, wọ́n fi èéfín pa á, wọ́n ní ti ìyá-ńlá àwọn ni. Àkísà àgbà ti jáde kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

N kò bú àwòrán o. Lọ́dún 1978, Stephen Sprague ará Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa àwọn ayàwòrán Yorùbá, àwọn ti Ìlá sì wà nínú wọn. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, wọ́n á ya èyí tó kù, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ ní méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bó bá jẹ́ ọkùnrin ló kù, tí obìnrin lọ, wọ́n á wọ̀ ọ́ láṣọ obìnrin, wọ́n á tún un yà. Ìyá tó gba bébà yẹn mọ ohun tó gbà. Tiwa ńkọ́? Màmá kún inú fóònù, kò sẹ́ni tó wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Fóònù bọ́ sómi, Màmá tún kú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ wá sìnkú nílé, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó ṣáná sí àpótí yẹn, ẹ pe ìyá àgbà kan nínú agboolé kó bá yín tú u, kó sọ ìtàn aṣọ kọ̀ọ̀kan. Ní ti ike tí ẹ ti tẹ̀ sílẹ̀, ẹ fún mi ní èyí tó tóbi. Abọ́ tí a fi ń bu omi nílé wa ti fọ́.